Géèjì kò kọjá −97: dídán bátìrì àti ṣájà wò ní Òṣogbo fún ẹni tó máa lò ó lórí òkè

Akin_Wáyà (Òkè-Fìà)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọjà tó wà nílẹ̀ ni iná sólà tó ní bátìrì LiFePO4 (irú bátìrì lítíọ́mù kan; sẹ́ẹ̀lì 4, 12.8 V, ìwúwo 1.5 kg) àti ṣájà 230 V rẹ̀. Oníbàárà máa kó díẹ̀ lọ sí Jos, á sì fi bàálù kó ìyókù lọ sí Addis Ababa. Ìwé tó fi ránṣẹ́ ní kí bátìrì wà nínú 11.6 kPa (kPa ni a fi ń wọn ìfúnpá afẹ́fẹ́) fún wákàtí 6. Igbá onígíláàsì wà, pọ́ǹpù àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe náà wà.

Ìbéèrè mẹ́ta ni. Ojú géèjì parí sí −100 kPa, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í kọjá −97 bó ti wù kí pọ́ǹpù pẹ́ lórí iná tó. Ṣé pọ́ǹpù ti ń kú ni? Ibo ló yẹ kí ọwọ́ géèjì dúró sí kó tó jẹ́ 11.6? Ẹnì kan ní −90. Ẹ̀kẹta, ṣájà ti yege 3000 V fún ìṣẹ́jú kan láàrin ẹ̀gbẹ́ iná ilé àti ẹ̀gbẹ́ bátìrì. Ṣé ìyẹn tó fún Addis?

Géèjì_Olóòótọ́ (Ìgbọ́nà)

Pọ́ǹpù yín ò kú. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Géèjì yẹn kì í ka iye afẹ́fẹ́ tó kù nínú igbá. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin inú igbá àti ìta ló ń kà, afẹ́fẹ́ Òṣogbo sì ni odo rẹ̀. Òṣogbo fi nǹkan bí 320 m ga ju ojú òkun lọ, ìfúnpá afẹ́fẹ́ ibí sì jẹ́ nǹkan bí 97.5 kPa, kì í ṣe 101.3 ti etí òkun. Ká ní ẹ fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú igbá jáde tí kò ku bíńtín, −97.5 ni ọwọ́ géèjì máa dúró sí. Kò sí pọ́ǹpù tí wọ́n lè tà fún yín tó máa gbé e dé −100 níbí. Ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù tí kò ṣe nǹkan kan ni wọ́n ti tú palẹ̀ torí ọ̀rọ̀ yìí. Tó bá jẹ́ géèjì tó ń ka inHg (ìwọ̀n ìfúnpá míì) ni, 28.8 ló máa parí sí, kò ní dé 29.9 tí wọ́n kọ sí ojú rẹ̀.

Ìbéèrè kejì ti fúnra rẹ̀ yanjú: 97.5 yọ 11.6 kúrò, ó ku 85.9. Kí ọwọ́ dúró sí −85.9. Ẹni tó ní −90 ń sọ ti Èkó, níbi tí 101.3 yọ 11.6 ti jẹ́ 89.7. Tí ẹ bá fa á dé −90 níbí, 7.5 kPa ló kù nínú igbá. Ìlànà ní "11.6 tàbí kó dín", nítorí náà ẹ ò ṣẹ̀, àmọ́ ẹ fìyà jẹ bátìrì ju bó ṣe yẹ lọ. Ibi tó burú ni òdìkejì. Jos ga tó nǹkan bí 1,200 m, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ bí 88 kPa. Ẹni tó bá gba iye Jos, ìyẹn −76, tó gbé e wá sí Èkó, 25 kPa ló ń dán bátìrì wò sí. Á wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yege.

Tí owó bá wà, ẹ ra géèjì tí wọ́n kọ "abs" sí lójú. Odo tirẹ̀ ni òfìfo pátápátá, kò sí ìlú tí ẹ gbé e dé tó máa yí padà.

Tọ́lá_PCB (Ọláìyá)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Fóònù mi ní 1012 hPa ni Òṣogbo wà lónìí. 101.2 kPa nìyẹn. Níbo ni 97.5 ti wá?

Géèjì_Olóòótọ́ (Ìgbọ́nà)

Kí n máa bínú kẹ̀? Ibi tí ìwé ìdánwò ti sábà máa ń bàjẹ́ gan-an lẹ fọwọ́ kàn.

Iye tí àwọn tó ń sọ ojú ọjọ́ ń gbé jáde, wọ́n ti ṣírò rẹ̀ padà bí ẹni pé ojú òkun ni ìlú wà. Wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè fi Èkó wé Jos kí ó sì bára mu lórí máàpù. Kì í ṣe ohun tó ń tẹ igbá yín. Tí fóònù bá ní baromítà nínú fúnra rẹ̀, iye tí ohun náà bá kà ní tààrà (kì í ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì) á sún mọ́ 975 hPa.

Ẹ lè ṣírò rẹ̀: 1013.25 × (1 − 0.0000225577 × h)^5.25588, h ni gíga ilẹ̀ ní mítà. Fi 320 sí i, 975 ló máa fún yín. Fi 1,200 sí i, 877. Addis wà ní nǹkan bí 2,355 m, ìyẹn á fún yín ní 760. Láàárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, ìfúnpá afẹ́fẹ́ níbí máa ń lọ sókè sódò ní bíi 2 sí 3 hPa: ó máa ń ga jù ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ó máa ń relẹ̀ ní bíi aago mẹ́rin ọ̀sán. 0.3 kPa péré nìyẹn, ẹ ò nílò láti tìtorí rẹ̀ sáré. Àmọ́ ẹ kọ iye tí ẹ kà àti àkókò tí ẹ kà á sílẹ̀.

Ìyá_Sẹ́ẹ̀lì (Ayétòrò)

Akin, 11.6 nìkan kọ́ ló wà nínú ìdánwò bátìrì yẹn o. UN 38.3 ni, ìlànà àgbáyé fún kíkó bátìrì lítíọ́mù, ìdánwò T1 inú rẹ̀. Ó dúró fún kíkó ẹrù nínú bàálù níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́. Ẹ máa ṣe é báyìí:

Ẹ gba iná sínú bátìrì títí yóò fi kún, ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ wọn fóltì rẹ̀ láìso ohunkóhun mọ́ ọn. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n tó lè ka 0.1 g. Bátìrì tó bá wúwo ju 75 g lọ kò gbọdọ̀ pàdánù ju 0.1% lọ, tí yín jẹ́ 1.5 kg, 1.5 g sì ni gbogbo àyè tí ẹ ní. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun lọ́jà kò lè rí ìyẹn.

Ìwọ̀n ooru gbọ́dọ̀ wà láàrin 15 sí 25 °C. Èyí ló ń ṣubú lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa, torí yàrá lásán ní Òṣogbo lè jẹ́ 30 lọ́sàn-án. Ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ sì fi wáyà témómítà wọ inú igbá gan-an, kì í ṣe ara ògiri. Ẹ ka wákàtí 6 láti ìgbà tí géèjì bá dé −85.9, kì í ṣe láti ìgbà tí ẹ tan pọ́ǹpù. Tó bá parí, ẹ dá afẹ́fẹ́ padà díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀: kò gbọ́dọ̀ jò, kò gbọ́dọ̀ tú èéfín, kò gbọ́dọ̀ ya, kò gbọ́dọ̀ jóná, fóltì rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ 90% ti tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ 13.4 V ló wà kó tó wọlé, 12.06 ni ààlà. Bátìrì yẹn kan náà ló máa lọ sí àwọn ìdánwò tó tẹ̀ lé e, T2 títí dé T5, nítorí náà ẹ má tú u wò.

Akin_Wáyà (Òkè-Fìà)

Ẹ ṣeun mà. Nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ sí èyí tí a kọ́kọ́ gbé wọ inú igbá: rọ́bà tó wé e lára wú bí búrẹ́dì, ó sì fi 1.9 g fúyẹ́ sí ti tẹ́lẹ̀. Kò sí omi kankan lára rẹ̀ o. Ṣé ó ti kùnà nìyẹn?

Ìyá_Sẹ́ẹ̀lì (Ayétòrò)

Ní orí ìwé, 1.9 ju 1.5 lọ, ó kùnà. Àmọ́ ẹ wádìí kí ẹ tó dá sẹ́ẹ̀lì lẹ́bi.

Afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ rọ́bà ló ń mú un wú. Tó bá sọ̀ padà gẹ́lẹ́ bí afẹ́fẹ́ ti wọlé, tí sẹ́ẹ̀lì sì jẹ́ onípáànù róbótó, rọ́bà nìkan ló wú. Ẹ lu ihò kékeré méjì sí rọ́bà náà nígbà tí wọ́n bá ń wé e ní ilé iṣẹ́, ẹ má lù ú nínú láàbù, torí ohun tí ẹ bá dán wò ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹ máa tà. Sẹ́ẹ̀lì alápò rírọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù: tó bá ṣì wú lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ ti padà, gáàsì ti wà nínú rẹ̀.

Ti ìwúwo, fóòmù, páálí àti gọ́ọ̀mù inú bátìrì máa ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, pàápàá lásìkò òjò. Nínú òfìfo fún wákàtí 6, omi yẹn á gbẹ. Ẹ to fóòmù, páálí àti rọ́bà iye kan náà pọ̀ láìsí sẹ́ẹ̀lì, ẹ gbé e sínú igbá kan náà, ẹ wọ̀n ọ́n. Tí òun náà bá pàdánù 1.7 g, ẹ ti mọ ibi tí ìwúwo gbà lọ. Lẹ́yìn náà ẹ fi àwọn bátìrì tuntun sí yàrá gbígbẹ fún ọjọ́ kan kí ẹ tó wọ̀n wọ́n.

Súlè_Fáàfù (Old Garage)

Ẹ ò tíì sọ ti NEPA. Tí iná bá lọ ní wákàtí kẹrin ńkọ́?

Géèjì_Olóòótọ́ (Ìgbọ́nà)

Fáàfù gbọ́dọ̀ wà láàrin pọ́ǹpù àti igbá, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti pa á kí pọ́ǹpù tó dúró. Tí kò bá sí fáàfù, òfìfo inú igbá á fa ọ́ìlì pọ́ǹpù padà sórí bátìrì. Ìwúwo á wá pọ̀ sí i. Èèyàn á rò pé iṣẹ́ ìyanu ni!

Ẹ dán igbá wò láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ fà á dé 10 kPa, ẹ pa fáàfù, ẹ kà á lẹ́yìn wákàtí kan. Tó bá jẹ́ 0.2 kPa ló fi gòkè, ní wákàtí 6 á jẹ́ 11.2, ó ṣì wà lábẹ́ 11.6, iná lè lọ kó má padà. Tó bá jẹ́ 0.5, á di 13, wákàtí tó bá sì lò lókè 11.6 kò sí nínú ìṣirò. Ẹ rántí pé ẹ̀rọ amúlétutù náà ti kú pẹ̀lú iná yẹn, ooru lè kọjá 25 kí ìfúnpá tó bàjẹ́ rárá. Inífátà tó lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù ló ń yanjú ìyẹn, fáàfù ò lè yanjú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan lórí gíláàsì: ìdérí tó fẹ̀ ní 30 cm, ní −85.9 kPa, afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni gbé ẹrù 620 kg lé e lórí. Gíláàsì tó bá ti ní ìlà tàbí tó ti sán létí, ẹ má lò ó. Ẹ fi páákó tàbí nẹ́ẹ̀tì irin bo igbá, kí ẹ sì fi páìpù gbé èéfín pọ́ǹpù jáde síta, torí bí sẹ́ẹ̀lì bá tú gáàsì, ibẹ̀ ló máa gbà jáde.

Mílímítà (Òkè-Báálẹ̀)

Ẹ jẹ́ ká dé orí ṣájà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣeré. 3000 V tó yege ní Òṣogbo ń sọ nǹkan fún yín nípa Òṣogbo. Kò sọ nǹkan kan nípa Addis.

Nínú ṣájà, afẹ́fẹ́ ló ń dá iná dúró láàrin irin méjì tí wọn kò kanra. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́lẹ́, iná tó ń sáré láàrin wọn kì í tètè rí ohun tó máa dí i lọ́nà, á ti gba agbára kó tó kọlu nǹkan, á sì fò ní fóltì tó kéré. Nítorí náà ni IEC 60664-1, ìwé ìlànà àgbáyé lórí dídá iná dúró, ṣe kọ àlàfo rẹ̀ fún 2000 m. Títí dé 2000 m, ẹ ò fi nǹkan kan kún un. Ní 3000 m, ẹ fi 1.14 sọ àlàfo di púpọ̀, ní 4000 m 1.29, ní 5000 m 1.48.

Jos kò dé 2000 m, iye inú ìwé tó fún un. Addis kọjá rẹ̀. Fún 230 V, ààbò ìlọ́po méjì (èyí tó ń ya iná ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀gbẹ́ téèyàn lè fọwọ́ kàn), ìdọ̀tí ìpele kejì (eruku inú ilé lásán), àlàfo náà jẹ́ 3.0 mm. Tí ẹ bá pín in láàrin 2000 àti 3000, Addis á jẹ́ 1.05, ìyẹn 3.15 mm. Lójú tèmi, ẹ lo 1.14 kí ẹ gbé e sí 3.5 mm. Ìyàtọ̀ rẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù kò tó ìdajì mìlímítà, ẹ ò sì ní tún bọ́ọ̀dù ṣe nígbà tí oníbàárà míì bá fẹ́ ẹ fún ibi tó ga jù Addis lọ.

Kí ló dé tí 3000 V kò fi rí àṣìṣe yìí? 3000 V AC máa ń dé 4243 V lórí góńgó rẹ̀. Ìdánwò àrá kékeré (iná tó ga lójijì fún ìgbà kúkurú) tí àlàfo 3.0 mm yẹ kó gbà jẹ́ 4 kV ní 2000 m, tábìlì inú ìwé IEC yẹn ní kí ẹ fi 4.4 ṣe é ní 1000 m, 4.7 ní 500 m, 4.8 ní 200 m. Òṣogbo wà láàrin méjèèjì tó gbẹ̀yìn, ẹ lo 4.8. Ìyẹn ni pé 4243 kò tilẹ̀ le tó ohun tí 3.0 mm yẹ kó gbà níbí. Ṣájà tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 2.5 mm lè yege láìtilẹ̀ ṣẹ́ ná.

Nítorí náà, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ fi 10 N (bí ẹni gbé kìlógíráàmù kan lé e) ti gbogbo kọndẹ́ńsà àti wáyà tó lè yí, síhà ibi tó burú jù, kí ẹ wá fi kálípà wọn àlàfo tó kù. Lẹ́ẹ̀dì (irin yíyọ́ tí wọ́n fi ń so nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù) tó yọ gọngọ lẹ́yìn bọ́ọ̀dù àti ẹsẹ̀ kọndẹ́ńsà tí wọn kò gé kúrú ló ń jẹ mìlímítà jù.

Tọ́lá_PCB (Ọláìyá)

Ṣé a máa fi 1.14 sọ ti ojú bọ́ọ̀dù náà di púpọ̀? Ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà rákò lórí páànù, kì í ṣe inú afẹ́fẹ́.

Mílímítà (Òkè-Báálẹ̀)

Rárá. Ìdọ̀tí, omi àti irú páànù ló ń pa ìyẹn, kì í ṣe gíga ilẹ̀. Fún 250 V lórí páànù bọ́ọ̀dù tí gbogbo ayé ń lò, 5.0 mm ni fún ààbò ìlọ́po méjì. Òfin kan ṣoṣo tó so méjèèjì pọ̀ ni pé ọ̀nà orí bọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ kúrú ju àlàfo inú afẹ́fẹ́ lọ. Kódà ní 5000 m, 3.0 × 1.48 jẹ́ 4.44, kò dé 5.0.

Ibi tó ti ń ká èèyàn mọ́ ni ihò gígùn tí wọ́n gé sí bọ́ọ̀dù. Wọ́n gé e kí ọ̀nà ìrákò lè gùn, ó dáa, àmọ́ iná lè fò kọjá ihò náà lójú afẹ́fẹ́, ìwọ̀n yẹn sì ni gíga ilẹ̀ ń fìyà jẹ. Ihò tí kò bá fẹ̀ tó 1 mm, ẹ kà á bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, torí ìdọ̀tí lè di í.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn ṣájà tó ti China wá: àwòrán òkè kékeré tó ní 2000 m lára. Ohun tó ń sọ ni pé kì í ṣe fún ibi tó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí Addis.

Súlè_Fáàfù (Old Garage)

Kí ló ń da wá láàmú? Igbá wà nílẹ̀. Ẹ gbé ṣájà sínú rẹ̀, ẹ fà á dé 11.6, ẹ fi iná sí i. Tó bá yege níbẹ̀, ibo ni kò ní yege?

Mílímítà (Òkè-Báálẹ̀)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. 11.6 kPa wà fún bátìrì tí wọn kò so mọ́ nǹkan kan. Kò sí ìlú tí èèyàn ń gbé tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ṣájà tó dáa fún Addis lè fò níbẹ̀, ẹ ó sì ju ọjà tó dáa nù.

Ewu rẹ̀ náà wà. Paschen ló fi hàn ní 1889 pé ìlọ́po ìfúnpá afẹ́fẹ́ àti ìbú àlàfo ló ń pinnu fóltì tí iná máa fi fò. Bí ìlọ́po yẹn bá ń dín kù, fóltì náà ń dín kù pẹ̀lú, títí yóò fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ní nǹkan bí 330 V fún afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ó tún ń gòkè. Fún àlàfo 3 mm, ìsàlẹ̀ yẹn wà ní bíi 0.25 kPa. Iná 230 V tí ṣájà yí sí DC ti dé 325 V, tiransifọ́ọ̀mà rẹ̀ tún ń ta sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí pọ́ǹpù bá fà á kọjá ibi tí ẹ rò, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ àlùkò nínú igbá, bọ́ọ̀dù á sì jó. Tí ẹ bá fẹ́ fi igbá dán ṣájà wò, ẹ dúró ní 76 kPa ti Addis: −21.5 lórí géèjì ní Òṣogbo.

Agbára_330 (Òkè-Fìà)

Àlàyé díẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ohun ńlá, torí mo rí i pé gbogbo yín ń sọ 2000 m. Ti ṣájà àti súwíìṣì kékeré nìyẹn. Tiransifọ́ọ̀mà àti jẹnẹrétọ̀, 1000 m ni ìwé tiwọn dúró sí. Àwa tó wà nílùú tí ibùdó ìdarí iná gbogbo Nàìjíríà wà kò gbọ́dọ̀ da méjèèjì pọ̀. Fún tiransifọ́ọ̀mà olóòróró tí afẹ́fẹ́ lásán ń tù, IEC 60076-2, ìwé ìlànà tiwọn, ní kí ẹ yọ 1 K (bákan náà pẹ̀lú ìyàtọ̀ 1 °C) kúrò nínú ooru tí ẹ gbà á láyè fún gbogbo 400 m tó bá kọjá 1000. Jos, ìdajì K, ẹ gbàgbé ẹ̀. Addis, nǹkan bí 3.4 K.

Ṣájà tó ní fáànù ló yẹ kí ẹ máa rò. Fáànù ń gbé ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kan náà kọjá, àmọ́ ní Addis afẹ́fẹ́ náà fúyẹ́: 76 nínú 97.5, ìyẹn 78% ti Òṣogbo. Tí afẹ́fẹ́ tó jáde bá fi 10 °C gbóná ju èyí tó wọlé lọ níbí, á jẹ́ bíi 12.8 níbẹ̀. Ìlú wọn tutù ju tiwa lọ, ó máa ń gbà yín sílẹ̀, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí rere.

Tọ́lá_PCB (Ọláìyá)

Ó rán mi létí kẹ́tùlù. Omi ń hó ní bíi 92 °C ní Addis. Kẹ́tùlù tí wọ́n ṣètò ohun tó ń pa á sí 97, kò ní pa ara rẹ̀ láé, á hó títí omi á fi tán. Ẹ̀yin tó ń ta kẹ́tùlù, ó kàn yín.

Ìyá_Sẹ́ẹ̀lì (Ayétòrò)

Akin, àpótí iná yẹn ńkọ́? Ṣé ó di pinpin?

Akin_Wáyà (Òkè-Fìà)

Bẹ́ẹ̀ ni mà, IP65 (eruku àti omi tí wọ́n wọ́n sí i kì í wọlé), rọ́bà yí ìdérí ká, skúrù mẹ́rin. Ìdérí jẹ́ 20 × 15 cm.

Ìyá_Sẹ́ẹ̀lì (Ayétòrò)

Ẹ dì í ní Òṣogbo ní 97.5, ẹ ṣí ojú rẹ̀ sí 76: 21.5 kPa ń ti ìdérí láti inú. Lórí 0.03 m², 645 N nìyẹn, bíi 66 kg, tí skúrù mẹ́rin ń dì mú. Ike á tẹ̀ láàrin, rọ́bà á sì gbé. Nínú bàálù náà bẹ́ẹ̀ ni.

Kódà tí kò bá kúrò ní Òṣogbo, oòrùn gbé e láti 25 dé 55 °C, ìfúnpá inú rẹ̀ fi ìdá mẹ́wàá pọ̀, díẹ̀ sá jáde. Òjò dé lójijì, ó tutù, ó wá ń fa omi wọlé lẹ́bàá rọ́bà. Ìdí nìyí tí omi fi ń wà nínú iná sólà tí rọ́bà rẹ̀ ṣì dáa. Rọ́bà tó nípọn sí i kò lè wò ó. Ẹ fi fáàfù tó ń mí sí i, èyí tó ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá tí omi kì í gbà, M12 (ojú skúrù rẹ̀ jẹ́ 12 mm), kí ojú rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀.

Akin_Wáyà (Òkè-Fìà)

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ohun tí a máa ṣe: géèjì "abs", bátìrì ní 10 kPa, igbá òfìfo lákọ̀ọ́kọ́, fóòmù lásán fún ìwúwo, àlàfo 3.5 mm tí a fi kálípà wọ̀n; 4.8 kV dípò kí a gbára lé 3000 nìkan. Fáàfù M12 lábẹ́ àpótí. Ó ku ohun kan: a dán igbá òfìfo wò báyìí, 0.9 kPa ló fi ń gòkè ní wákàtí kan. A ti fi gírísì pa rọ́bà tán.

Géèjì_Olóòótọ́ (Ìgbọ́nà)

Gírísì náà lè jẹ́ ẹ̀sùn, tó bá pọ̀ jù ó ń gbé ìdọ̀tí. Ẹ nù ún kúrò pátápátá, ẹ fi aṣọ tí kò ní òwú nu etí gíláàsì àti rọ́bà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wá fi gírísì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ padà sí i. Irun orí kan ṣoṣo tó dábùú rọ́bà ti tó láti fún yín ní 0.9 yẹn. Tó bá ṣì ń jò, ẹ wo ibi tí wáyà témómítà gbà wọlé.